Ìkéde fún Gbogbo Ọmọ Ẹgbẹ́: Ìbẹ̀wò sí Lacock

A fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ kéde fún yín pé, ní Sátidé tí ó parí oṣù karùn-ún, a ó lọ sí abúlé Lacock ní Wiltshire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lacock Abbey, tí Ela, Káúńtẹ́ẹ̀sì Salisbury, dá sílẹ̀ ní 1232 fún àwọn sístà Ìjọ Àgùdà, di ilé ìdílé lẹ́yìn tí ọba Henry Kẹjọ tì í pa ní 1539. Fèrèsé kan níbẹ̀ ni William Henry Fox Talbot, ọ̀kan lára àwọn tó kọ́kọ́ ya fọ́tò láyé, ya fọ́tò rẹ̀ ní 1835; nẹ́gátíìfù fọ́tò náà (àwòrán tí ibi tó mọ́lẹ̀ ti dúdú, tí ibi tó dúdú sì ti mọ́lẹ̀) ni ó pẹ́ jù lọ nínú àwọn nẹ́gátíìfù kámẹ́rà tí ó ṣì wà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe sáré kọjá a. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì Cyriac Mímọ́, kí àwọn ọkùnrin ṣí fìlà, nítorí àwọn ará abúlé ṣì ń jọ́sìn níbẹ̀. Ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé.