Àdùkẹ́, Má Ra Gbogbo Ìwé Yẹn

Houston, Texas

Àdùkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o. Báwo ni Abẹ́òkúta? Ṣé orúnkún Màmá ti ń san díẹ̀díẹ̀? Mo rí àwòrán ìwé rẹpẹtẹ tí ọkùnrin onítòkunbọ̀ yẹn kó jọ fún ọ, tó ní gbogbo rẹ̀ ni àwọn nọ́ọ̀sì tó ń lọ Amẹ́ríkà ń kà. Ó mọ ọjà tà. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, má tíì fún un lówó.

Ọdún tí wọ́n tẹ ìwé ni kí o kọ́kọ́ wò. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2023 ni NCSBN, àwọn tó ni NCLEX, ìdánwò tí nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ yege kó tó lè gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, yí i padà. Ní báyìí, wọ́n á gbé aláìsàn kan kalẹ̀ fún ọ, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ nọ́ọ̀sì, èsì lab àti àṣẹ dókítà, wọ́n á wá bi ọ́ ní ìbéèrè mẹ́fà lórí ẹnì kan ṣoṣo yẹn: kí lo rí lára rẹ̀, kí lo rò pé ó fà á, kí lo máa ṣe, báwo lo ṣe máa mọ̀ pé ohun tí o ṣe ṣiṣẹ́. Irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ mẹ́ta ni wàá bá pàdé, ó kéré tán. Ìbéèrè ò ní dín ní 85, kò sì ní ju 150 lọ, láàárín wákàtí márùn-ún. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní 2014 ò gbọ́ nǹkan kan nípa èyí. Ọkùnrin yẹn á ní àìsàn ọkàn ò kúkú yí padà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ṣé àìsàn ọkàn ni ìwọ tí o ti pẹ́ ní wọ́ọ̀dù tó báyìí tún fẹ́ lọ kọ́?

Ìwé kan tí wàá máa kà, ìwé kan tí wàá fi máa dáhùn ìbéèrè, ó ti tó. Èyí tí mo fara mọ́ fún kíkà ni Saunders, ti Linda Silvestri. Ó tóbi gan-an, mi ò sì ní kí o bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé àkọ́kọ́. Oorun ló máa gbé ọ lọ. Dáhùn ìbéèrè ná, ibi tí o bá ti kùnà ni kí o lọ kà. Ní ti ìwé ìbéèrè, ṣí ojú ewé ìdáhùn kan wò kí o tó rà á. Bí ó bá kàn sọ pé “B ni” tí kò sọ ìdí tí A, C àti D kò fi tọ̀nà, dá a padà fún un. UWorld, àkójọ ìbéèrè tí o bi mí nípa rẹ̀, dára, ṣùgbọ́n orí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà, iye ọjọ́ kan péré sì ni owó tí o bá san máa gbé ọ. Dúró títí tí wọ́n á fi yọ ọ́ kúrò ní iṣẹ́ alẹ́.

Ibi tó máa ń yọ àwa tí a kọ́ṣẹ́ nílé lẹ́nu jù ni ta ni kí a gbé iṣẹ́ fún. Lọ́hùn-ún, ìwọ lo ń fún abẹ́rẹ́, ìwọ lo ń wo BP, ìwọ náà lo ń kọ chart, àwọn ẹbí aláìsàn ló ń wẹ̀ ẹ́. Níbí, RN, nọ́ọ̀sì bíi tìwọ, wà, LPN, nọ́ọ̀sì tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ kúrú ju ti RN lọ, wà lábẹ́ rẹ̀, olùrànlọ́wọ́ tó ń wẹ aláìsàn tún wà lábẹ́ àwọn méjèèjì. Ìdánwò á kó aláìsàn mẹ́rin síwájú rẹ, á ní èwo lo máa kọ́kọ́ lọ wò, èwo lo máa fi fún LPN. Àyẹ̀wò àkọ́kọ́, kíkọ́ aláìsàn lẹ́kọ̀ọ́, wíwo bóyá ìtọ́jú ṣiṣẹ́, gbogbo ìyẹn tìẹ ni, o ò gbọdọ̀ gbé e fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ara rẹ̀ ò tíì fara balẹ̀, tìẹ náà ni. Nínú ìlànà ìdánwò ti 2023, abala tí èyí wà nínú rẹ̀ ló tóbi jù, 15 sí 21 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìwé Linda LaCharity, Prioritization, Delegation, and Assignment, ò ṣe nǹkan mìíràn ju èyí lọ. Bí owó bá ṣẹ́kù, òun ni kí o fi kún un.

Oògùn ló tẹ̀lé e, 13 sí 19. Orúkọ tí wọ́n ń lò ní UK ni wọ́n fi kọ́ wa: paracetamol, salbutamol, adrenaline, pethidine. Nínú ìdánwò yìí, acetaminophen, albuterol, epinephrine, meperidine ni wàá rí. PCV, ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ pupa, di hematocrit. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, mg/dL ni wọ́n ń lò; bí tìẹ bá wà ní mmol/L, sọ ọ́ di ìlọ́po 18, 5 á di 90. Nítorí náà, ìwé oògùn aláwọ̀ ewé inú àwòrán yẹn tó ń pe paracetamol, fi sílẹ̀. Ìwé CBT ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ náà, ìdánwò NMC, àjọ àwọn nọ́ọ̀sì UK, ni wọ́n kọ ọ́ fún.

Kí o tó ná kọ́bọ̀, wa NCLEX-RN Test Plan, ìlànà ìdánwò náà, lójú òpó NCSBN. Ọ̀fẹ́ ni, ọdún mẹ́ta mẹ́ta sì ni wọ́n ń tún un ṣe, èyí tó jáde kẹ́yìn ni kí o mú. Àwọn tó ń ta “expo” lórí WhatsApp, olè ni wọ́n. Bí o bá ṣe ń dáhùn ni kọ̀ǹpútà á ṣe máa yan ìbéèrè tó kàn fún ọ, ta ló wá fẹ́ mọ tìẹ ṣáájú? 200 dọ́là ni owó ìdánwò, bí o bá sì lọ ṣe é ní London bí o ṣe wí, wọ́n á gba 150 lé e. Ibẹ̀ ni kí owó rẹ lọ.

Àbúrò mi ń bọ̀ nílé ní oṣù Kejìlá. Ẹrù rẹ̀ ti kún, ìwé kan péré ló gbà láti bá mi gbé, Saunders ni mo sì máa fi rán an. Ti LaCharity, béèrè lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn. Ya ojú ewé tí ọdún wà, fi ránṣẹ́ sí mi kí o tó sanwó. Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, kí o sì sọ fún Màmá pé mo ń béèrè wọn.

Èmi ni tìrẹ,
Àbẹ̀kẹ́