Lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n mi tó ká jẹ́sì Pujols pamọ́

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn ọmọ ńkọ́? Ìyàwó yín ńkọ́? Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi látọjọ́ tí ẹ tún ní ẹ ò ní dárí ji Cardinals, ẹgbẹ́ baseball St. Louis wa, láéláé nítorí pé wọ́n jẹ́ kí Albert Pujols, eléré wọn, lọ. Lórí fóònù, ohùn yín á ga, tèmi náà á ga, a ò sì ní gbọ́ ara wa yé. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀.

Mo rántí December 2011 yẹn. Mi ò tíì pé ọdún kan ní St. Louis, yàrá kékeré ilé yín ni mò ń sùn. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní baseball. Ẹ̀yin lẹ ṣàlàyé fún mi ìdí tí gbogbo pápá fi ń dìde dúró tí ọmọ Dominican Republic yẹn bá ti gbé igi rẹ̀ jáde. Ní October, a jọ wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n bó ṣe gbá home run mẹ́ta, bọ́ọ̀lù tó ń fò kọjá ògiri pápá, lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo nínú World Series, ìdíje àṣekágbá baseball, ní Texas, ẹ gbé mi sókè bí ọmọ ọwọ́. Ìgbà tí ìròyìn wá dé pé ó ti bá Angels, ẹgbẹ́ Anaheim, ṣàdéhùn ọdún 10, mílíọ̀nù 240 dọ́là, ẹ ò sọ̀rọ̀. Ẹ ká jẹ́sì oní nọ́ńbà 5 yẹn ní mẹ́rin, ẹ tì í sí ìsàlẹ̀ Ghana-must-go tí mo gbé wá láti ilé.

"Wọn ò moore." Ohun tí ẹ sọ nìyẹn, ó sì dun èmi náà. Ọdún 11 ló fi bá wọn ṣiṣẹ́. Ó gbá home run 445 fún wọn, wọ́n gba World Series lẹ́ẹ̀mejì nígbà tó wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi, ọkùnrin yẹn ti fẹ́ pé ọdún 32. Ẹni tó bá fọwọ́ sí ìwé ọdún 10 fún un ti gbà láti máa sanwó títí di ọdún tó máa fi súnmọ́ 42. Ẹ sì mọ̀ pé nínú National League, líìgì tí Cardinals wà, nígbà náà, kò sí àyè fún ẹni tó máa gbá bọ́ọ̀lù tán kó padà lọ jókòó. Bí ẹsẹ̀ bá ń ro ó, ó gbọ́dọ̀ jáde lọ dúró sí pápá bákan náà. Ẹsẹ̀ sì padà dùn ún: lọ́dún 2013, kò lè parí sáà náà. Ní gbogbo ìgbà tó lò ní Anaheim, 2014 nìkan ni wọ́n dé ìdíje ẹ̀yìn sáà tí wọ́n fi ń wá ẹni tó máa gba World Series, Kansas City sì nà wọ́n ní ìgbà mẹ́ta léraléra. Ní May 2021, wọ́n yọ orúkọ rẹ̀. Ní tiwa, àyè láti yan ọ̀dọ́ eléré tí Cardinals rí gbà dípò rẹ̀ ni wọ́n fi mú Michael Wacha, ajubọ́ọ̀lù, ní 2012, Wacha yẹn náà ló sì wà lára àwọn tó gbé wa dé World Series lọ́dún kejì. Ó dùn, àmọ́ wọn ò ṣìṣe.

Ẹ rántí Bàámi. Nígbà tí ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́ tí abẹ́rẹ́ máṣíìnì gún wọn ní àtàǹpàkò, ta ló wálé tó ní kí àwọn ọmọṣẹ́ gbé máṣíìnì kúrò níwájú wọn? Ẹ̀yin ni. Odindi oṣù kan ni wọn ò fi bá yín sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni oníbàárà kan gbé léèsì olówó ńlá wá fún ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, kò sì sí ọmọṣẹ́ tó láyà láti gé e. Ẹ̀yin kan náà lẹ gbé àlùmọ́gàjí fún wọn. Mo ṣì ń rí wọn lójú mi: wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ aṣọ náà sórí tábìlì, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan, wọ́n gé e lọ gbuurugbu láìdúró. Gígé nìkan ni wọ́n ń gé títí wọ́n fi lọ.

Ohun tí Cardinals ṣe ní March 2022 nìyẹn. Wọ́n mú Pujols padà: ọdún kan péré, mílíọ̀nù 2.5 dọ́là. Òfin ti yí padà lọ́dún yẹn gan-an, ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù nìkan ti ní àyè ní National League. Oliver Marmol tó jẹ́ olùkọ́ wọn kéré sí i lọ́jọ́ orí, síbẹ̀ ó mọ bí wọ́n ṣe ń lo àgbà: àwọn tó ń fi ọwọ́ òsì ju bọ́ọ̀lù ló máa ń yàn án sí jù. Home run mẹ́fà ló gbá kí wọ́n tó lọ sinmi láàárín sáà. Lẹ́yìn ìsinmi, 18. Ní September 23, ní Los Angeles, ó gbá home run 699 àti 700 ti gbogbo ìgbà eré rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan. 703 ló parí sí. Nínú gbogbo ìtàn líìgì ńlá, Barry Bonds, Hank Aaron àti Babe Ruth nìkan ló wà níwájú rẹ̀.

Mi ò ní sọ pé gbogbo ìgbà ló máa ń rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n gba Adam Wainwright, àgbà ajubọ́ọ̀lù wa, padà fún 2023, a sì rí ohun tí ojú rí: ìgbà 5 ló borí, ìgbà 11 ló pàdánù, ẹgbẹ́ wa sì ṣe ìkẹyìn ní ìsọ̀rí wa. Ó dùn mí bí mo ṣe ń wo bí àwọn ọmọdé ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ kiri. Alẹ́ tí ìborí rẹ̀ wá pé 200, tí Milwaukee ò rí nǹkankan jẹ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sunkún. Bí ẹ bá bi mí bóyá alẹ́ kan yẹn tó ìyà gbogbo sáà, èmi á ní ó tó. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló máa gbà.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí ẹ wò ni October 2, 2022, tí ẹ kọ̀ láti wò. Ìdíje ìkẹyìn nílé kí sáà tó parí, Pittsburgh ni wọ́n ń bá ta á. Pujols ti gbá 702 lọ́jọ́ yẹn. Wainwright ló ń ju bọ́ọ̀lù, Yadier Molina ló ń mú bọ́ọ̀lù náà lẹ́yìn agbábọ́ọ̀lù. Ní ìpele karùn-ún, wọ́n yọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò lórí pápá lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo Busch Stadium dìde. Mo yíjú sí àga ẹ̀gbẹ́ mi bíi kí n bá yín sọ̀rọ̀.

Ìyàwó yín ní Ghana-must-go yẹn ṣì wà lókè wọ́dúróòbù. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí n tó dé lọ́jọ́ Sátidé.

Èmi ni, àbúrò yín.