Bùnmi, má tíì da àwọn ẹyin náà nù

Ìbàdàn,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Bùnmi, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o. Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Gbogbo wa wà dáadáa níbí, Màmá sì ní kí n kí ọ.

Inú mi dùn nígbà tí mo kà á pé ìjàpá inú ọgbà yín ti yé. Àmọ́ ibi tí o ti ní bí oṣù yìí bá fi parí tí o kò rí nǹkan kan, o máa kó gbogbo ẹyin náà dà nù, ibẹ̀ ni mo ti yára wá bírò. Jọ̀wọ́, má tíì dà wọ́n nù. Àwòrán tí o fi ránṣẹ́ fi hàn pé sulcata ni, irú ìjàpá ilẹ̀ gbígbẹ tó wà láti Senegal títí dé apá Sudan. Irú rẹ̀ náà ni Alágbà, ìjàpá ààfin Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́ tó kú ní 2019. Ẹyin wọn sábà máa ń lo oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin kí ọmọ tó jáde, òmíràn sì máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ.

O ní torí pé kò sí akọ lọ́dọ̀ yín lo ṣe rò pé òfo ni. Ìyẹn kò tó ẹ̀rí. Abo ìjàpá lè tọ́jú àtọ̀ akọ sínú ara fún ọdún mélòó kan, kó sì máa fi yé ẹyin tó lọ́mọ nínú. Ohun tó lè mú kí n ṣiyèméjì ni bó bá jẹ́ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí í yé ni, torí àkọ́yé sábà máa ń jẹ́ òfo.

Ẹ̀wẹ̀, má yí wọn padà. Ti adìyẹ ló mọ́ wa lára. Adìyẹ tó bá sàba a máa yí ẹyin rẹ̀ lóòrèkóòrè. Ti ìjàpá kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Kò pẹ́ tó bá ti yé e tí ọlẹ̀ inú rẹ̀ á fi lẹ̀ mọ́ òkè èèpo láti inú. Bí o bá wá dojú ẹyin náà dé, ó lè kú síbẹ̀. Fi pẹ́ńsùlù sàmì sí orí ẹyin kọ̀ọ̀kan, kí àmì náà sì máa wà lókè nígbà gbogbo.

Èèpo fúnra rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ sọ fún ọ. Ẹyin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilẹ̀ kì í funfun tán. Ìmọ́lẹ̀ a máa fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá. Bó bá ní ọlẹ̀, ojú kan lókè rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í funfun bí ẹfun láàárín ọjọ́ mélòó kan sí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á sì máa fẹ̀ títí á fi yí ẹyin náà ká. Èyí tó jẹ́ òfo á kàn wà bó ṣe wà, tàbí kí àwọ̀ rẹ̀ máa pọ́n rúsúrúsú bó bá yá. Ṣùgbọ́n èèpo nìkan kò tó fi dájọ́, torí òmíràn a máa pẹ́ kó tó funfun.

Bí oṣù kan bá ti kọjá, pa iná yàrá, kí o fi tọ́ọ̀ṣì kékeré tanná sí ẹ̀gbẹ́ ẹyin níbi tó wà, láìgbé e. Má jẹ́ kó pẹ́, torí ooru tọ́ọ̀ṣì. Bí gbogbo inú rẹ̀ bá kàn mọ́lẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè, tí pupa ẹyin sùn sísàlẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òfo. Bí o bá rí iṣan ẹ̀jẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó pọ́n, ọmọ wà níbẹ̀. Bó bá yá, ọmọ náà á dàgbà débi pé inú ẹyin á ṣókùnkùn, o kò sì ní rí iṣan kankan mọ́. Má ṣe é lálaalẹ́ o! Ẹ̀ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ti tó.

Èyí tó bá ń rùn tàbí tí omi ń jáde lára rẹ̀, mú un kúrò kíákíá kó má kó bá àwọn yòókù. Àmọ́ bí èèpo bá kàn bu díẹ̀, rọra nù ún, kí o fi í sílẹ̀.

Má jẹ́ kí ooru ibẹ̀ lọ sílẹ̀ ju 28°C lọ tàbí kó kọjá 32°C. Ní tiyín ní Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún, 82 sí 90°F nìyẹn. Bó bá gbóná ju, abo ló máa pọ̀. Bó bá tutù díẹ̀, akọ ni.

Ohun kan ń jẹ mí lọ́kàn. Ní ilẹ̀ wọn gan-an, ìjàpá wọ̀nyí ń dín kù, bẹ́ẹ̀ ni ní Amẹ́ríkà àwọn èèyàn ń wá ẹni tó máa gbà wọ́n lọ́wọ́ wọn, torí wọ́n máa ń tóbi kọjá ohun tí ẹni tó rà wọ́n rò. Tètè máa wádìí ẹni tó ní àyè tó, tó sì máa tọ́jú wọn dáadáa, kí àwọn ọmọ tó jáde.

Bí o bá ti tan iná sí wọn, kọ̀wé sí mi, kí o sọ àwọ̀ tí o rí nínú ẹyin kọ̀ọ̀kan. Bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni tìrẹ,
Ṣadé