Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ tó fẹ́ kó láti Maryland wá sí Greenville

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo rí àwòrán tí o fi ránṣẹ́: afárá tó tẹ̀ kọdọrọ lókè odò, omi tó ń já ṣòròṣòrò lórí àpáta nísàlẹ̀, àwọn èèyàn tó tẹ́ aṣọ sórí koríko tí wọ́n ń jẹun. O ní ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́. Bẹ́ẹ̀ ló rí. Condé Nast Traveler, ìwé ìròyìn àwọn arìnrìn-àjò, ti ka Greenville ti South Carolina yìí mọ́ àwọn ìlú kéékèèké tó dùn ún wò jù ní Amẹ́ríkà, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, wọn ò sì purọ́. Ṣùgbọ́n àlejò ni àwọn tó ń yìn ín. Wọ́n dé lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n sùn sí òtẹ́ẹ̀lì lórí Main Street, wọ́n fẹsẹ̀ rìn kiri, wọ́n bá tiwọn lọ lọ́jọ́ Àìkú. Gbogbo ibi tí wọ́n rí kò ju máìlì 2 lọ. Ìwọ, ọkọ rẹ àtàwọn ọmọ kò ní gbé inú máìlì 2 yẹn, àfi tí ẹ bá ti jẹ tẹ́tẹ́ tí ẹ ò sọ fún mi.

Ìlú yẹn fúnra rẹ̀ kéré. Ètò ìkànìyàn ọdún 2020 ka èèyàn 70,720 sínú rẹ̀, ó sì ka 525,534 sí gbogbo káúńtì Greenville, ìyẹn agbègbè ìjọba tó yí ìlú náà ká. Nínú èèyàn méje tó bá ní Greenville lòun ń gbé, ẹnì kan péré ló wà nínú ìlú. Ibi tí àwọn mẹ́fà tó kù wà ni kí o máa bi mí.

Síbẹ̀, jẹ́ kí n fún ibi tó dáa ní ẹ̀tọ́ rẹ̀, torí èèyàn ló jókòó tó rò ó. Iṣẹ́ òwú àti aṣọ híhun ló bọ́ Greenville tẹ́lẹ̀. Nígbà tí àwọn ilé ìtajà ńlá kúrò láàárín ìlú lọ sí ẹ̀bá títì márosẹ̀, Main Street dá páropáro. Max Heller ni méyọ̀ láti 1971 sí 1979. Júù ni, Vienna ló ti sá fún ìjọba Hitler lọ́dún 1938, iṣẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì rírán ló sì ń ṣe kó tó bọ́ sí òṣèlú. Nígbà tirẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀nà ọkọ̀ mẹ́rin orí Main Street di méjì. Wọ́n fẹ ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà, wọ́n gbin igi, wọ́n ní kí ọkọ̀ máa dorí kọ ẹ̀gbẹ́ títì páàkì. Awakọ̀ tó bá bá ara rẹ̀ lójú ọ̀nà tóóró, tó sì mọ̀ pé ọkọ̀ kan lè fẹ̀yìn bọ́ síta nígbàkigbà, kò ní sáré. Òtẹ́ẹ̀lì Hyatt dé sí òkè Main Street ní 1982, gbọ̀ngàn eré Peace Center dé sí ẹ̀bá odò ní 1990. Gbé ọjà sí orí kan, gbé ààfin sí orí kejì, ẹni tó ń ta ẹ̀kọ láàárín ni yóò jèrè.

Odò Reedy ló le jù. Inú rẹ̀ ni aró ilé iṣẹ́ aṣọ ń ṣàn sí, nígbà tó sì di 1960 wọ́n gbé afárá kọnkéré ọlọ́nà mẹ́rin, Camperdown, gba orí ibi tí omi ti ń já gan-an kọjá. Ẹni tó ń wakọ̀ lórí rẹ̀ lè má mọ̀ pé omi kankan wà nísàlẹ̀. Knox White, tó di méyọ̀ lọ́dún 1995, ló lé ọ̀rọ̀ náà títí wọ́n fi wó o ní 2002. Afárá ẹlẹ́sẹ̀ inú àwòrán rẹ, Liberty Bridge, ṣí ní 2004. Miguel Rosales ló ya àwòrán rẹ̀. Tí o bá dé orí rẹ̀, wo ọ̀tún wo òsì: ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni okùn irin gbé e rọ̀ sí, lára òpó méjì tó fì sẹ́yìn. Ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí omi kò ní okùn rárá, kí ohunkóhun má baà dí ojú ẹni. Iṣẹ́ ọpọlọ ni.

Apá kan wà tí ìyìn kì í dé. Bí ìlú ṣe ń gbèrú láti 1990 sí 2020 ni ìdá àwa aláwọ̀ dúdú nínú rẹ̀ ń rẹlẹ̀. Unity Park tí wọ́n ṣí ní 2022, éékà 60, Southernside ló wà, níbi tí pápá ìṣeré àwọn ọmọ dúdú wà nígbà tí òfin ya dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára funfun. Ó rẹwà, ìjọba ìlú sì ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ilé olówó pọ́ọ́kú, ṣùgbọ́n owó ilẹ̀ àyíká rẹ̀ ti fò sókè. Tí ajẹ́ńtì bá mú yín débẹ̀ tó ní àdúgbò tó ń gbérí ni, ẹ mọ̀ pé àwọn kan ń kẹ́rù jáde ní ìdí títì kejì. Ìlú yìí kan náà ni wọ́n ti mú Jesse Jackson, ajàfẹ́tọ̀ọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ ọmọ bíbí ibẹ̀, pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ méje mìíràn ní oṣù Keje 1960, nítorí wọ́n wọ ilé ìkàwé tí wọ́n ní ti àwọn aláwọ̀ funfun nìkan ni.

Ó yá, ilé. Má gba orúkọ ìlú tó wà lára àdírẹ́sì gbọ́. "Greenville" tí wọ́n kọ sára lẹ́tà kò sọ pé ilé náà wà nínú ìlú. Orúkọ ilé ìfìwéránṣẹ́ lásán ni. Wá ilé náà lórí máàpù káúńtì kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Tó bá bọ́ sóde ààlà ìlú, ìwọ ni wàá fúnra rẹ gba ẹni tó máa kó ìdọ̀tí, tàbí kí ẹ máa fi mọ́tò kó o lọ síbi tí káúńtì ń gbà á. Ẹ̀ka panápaná àti ti omi ẹlẹ́gbin máa ń dá owó tiwọn lé owó orí ilé. Bọ́ọ̀sì Greenlink kò dé ibi púpọ̀, nítorí náà ọkọ̀ méjì lẹ ó ní, ti ìwọ àti ti ọkọ rẹ.

Owó orí ilé ló ń gbé àwọn tó ń ti ìpínlẹ̀ mìíràn bọ̀ ṣubú jù, nítorí náà fara balẹ̀ níbí. South Carolina ń ka ilé tí onílé ń gbé sí ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún iye rẹ̀, ó ń ka èyí tí kò gbé sí ìdá 6. Ilé $400,000 di $16,000 lọ́wọ́ kan, ó di $24,000 lọ́wọ́ kejì, orí iye yẹn ni wọ́n ti ń ṣírò owó orí. Ìyàtọ̀ náà kò sì mọ síbẹ̀: ẹni tó wà lórí ìdá 4 kì í san apá tí wọ́n fi ń ná ilé ẹ̀kọ́ lójoojúmọ́, ẹni orí ìdá 6 ń san gbogbo rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí owó orí ilé kan náà fi lè ju ìlọ́po méjì lọ. Ìdá 4 yìí kì í wá fúnra rẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ̀wé béèrè lọ́dọ̀ káúńtì, kí àárín oṣù Kínní tí owó ọdún yẹn máa wọlé tó kọjá. Wọn yóò wo láísẹ́ńsì àti ìwé ọkọ̀ yín bóyá ti South Carolina ni. Ẹ ó sì fọwọ́ sí i pé ẹ kò gba irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ lórí ilé mìíràn níbikíbi. Tí ẹ bá fẹ́ fi ilé Maryland háyà, ẹ yọwọ́ nínú Homestead Tax Credit ti ibẹ̀, ìyẹn ẹ̀dínwó owó orí fún ilé tí onílé fúnra rẹ̀ ń gbé, kí ẹ tó kọ̀wé béèrè ìdá 4.

Pańpẹ́ kejì wà ńbẹ̀. Wàá rí owó orí ilé náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wàá ní "àṣé kò wọ́n". Ti ẹni tó ń tà á nìyẹn. Níwọ̀n ìgbà tó fi wà lọ́wọ́ rẹ̀, iye tí wọ́n ń ka ilé náà sí kò gbọdọ̀ gorí ju ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ ní ọdún márùn-ún-márùn-ún. Gbàrà tó bá tà á, ìdènà yẹn já, wọ́n á tún un kà sí iye ọjà lọ́dún tó tẹ̀lé e. Ṣírò rẹ̀ láti orí iye tí ẹ fẹ́ rà á. Báńkì tó bá fi ti onílé àtijọ́ ṣírò owó oṣooṣù yín yóò padà wá béèrè ìyókù.

Ti ọkọ̀, ìtòtẹ̀lé ló ṣe pàtàkì. Ẹ ní ọjọ́ 45 láti yí ìwé ọkọ̀ padà àti 90 láti gba láísẹ́ńsì. Má kọ́kọ́ lọ sí DMV, ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ tó ń rí sí ìwé ọkọ̀ àti láísẹ́ńsì. Ọ́fíìsì ọ́dítọ̀ káúńtì ni kí o gbé ìwé ọkọ̀ lọ, wọn yóò ka iye owó orí ọkọ̀ náà fún ẹ. San án, gba rìsíìtì, kí o tó wá mú un lọ sí DMV. Láìsí rìsíìtì yẹn, wọn yóò dá ẹ padà láti orí káńtà lẹ́yìn tí o ti tò tán. Ní DMV, $250 ni fún ọkọ̀ tó ti ìpínlẹ̀ mìíràn wọlé, ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, yàtọ̀ sí owó ìwé àti nọ́ńbà. Ọdọọdún sì ni owó orí ọkọ̀ ń wá. Maryland kì í gba ìyẹn, nítorí náà ẹ fi í sínú ìṣírò.

Láísẹ́ńsì nọ́ọ̀sì rẹ: Maryland àti South Carolina jọ wà nínú Nurse Licensure Compact, àdéhùn tí àwọn ìpínlẹ̀ fi ń gba láísẹ́ńsì nọ́ọ̀sì ara wọn. Tí èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ bá jẹ́ ti ìpínlẹ̀ púpọ̀ (multistate), o lè fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n tí o bá ti di ará ibí, ọjọ́ 60 ni o ní láti kọ̀wé béèrè ti South Carolina. Má jẹ́ kí ẹrù títú mú ẹ gbàgbé.

Kí ẹ tó ra ilé èyíkéyìí, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan ra wọ abẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ibí kì í jókòó sórí kọnkéré. Pákó ni ilẹ̀ wọn, ó dúró lórí òpó bíríkì, amọ̀ pupa ló wà lábẹ́. Ìwé tí wọ́n ń pè ní CL-100 ni olùyẹ̀wò kòkòrò máa kọ fún yín, ohun tó fojú rí lábẹ́ ilẹ̀ ìsàlẹ̀ nìkan ló sì kàn án. Ohun tí ẹ ń wá ni ọ̀nà amọ̀ tí ikán mọ gun bíríkì, tó tẹ́ẹ́rẹ́ bíi pẹ́ńsù, àti igi tó rọ̀ tí ṣúkúdíráfà bá gún un. Pákó tí omi inú rẹ̀ bá ti ń kọjá ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, ìjẹrà ti ń bọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀rá tí wọ́n tẹ́ sórí amọ̀ ló ti ya, tàbí omi òrùlé ló ń dà sí ẹsẹ̀ ògiri. Tí onílé bá ní òun ní ìwé àdéhùn ikán, ẹ bi í ní ohun méjì: ṣé ó ṣeé gbé lé ẹni tó rà á lọ́wọ́, ṣé ó ń san owó àtúnṣe ni àbí oògùn nìkan ni wọ́n máa tún fín? Èyí tó ń fín oògùn nìkan kò ní rọ́pò pákó tí ikán jẹ.

Ẹ tún wọn radon, gáàsì aláìlóòórùn tó ń ti inú ilẹ̀ jáde tó sì lè fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, torí káúńtì Greenville wà ní ìsọ̀rí àkọ́kọ́ tí EPA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo àyíká, kà sí ibi tó ti lè pọ̀ jù. Ẹ ti fèrèsé fún wákàtí 12 ṣáájú. Tó bá tó 4 pCi/L (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka radon) tàbí jù bẹ́ẹ̀, wọn á lẹ ọ̀rá mọ́ amọ̀ abẹ́ ilé pinpin, wọn á fi páìpù àti fáànù fa afẹ́fẹ́ abẹ́ rẹ̀ sókè òrùlé tọ̀sántòru. Ó ṣeé tún ṣe, ẹ sì lè ní kí onílé yọ ọ́ nínú owó. Lọ́yà ló gbọ́dọ̀ bójú tó ọjọ́ tí ẹ máa fọwọ́ sí ìwé, òfin ìpínlẹ̀ yìí ni.

Igi tí gbogbo ayé ń yìn náà ń kọ́? Ìjì Helene dé ní 27 oṣù Kẹsàn-án 2024. Òjò ti rin ilẹ̀ ṣáájú, amọ̀ kò di gbòǹgbò mú mọ́, igi ń wó lu wáyà káàkiri, ọ̀pọ̀ ilé sì wà nínú òkùnkùn fún ọ̀sẹ̀ kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí igi ńlá bá fì sórí òrùlé ilé tí ẹ fẹ́, ẹ béèrè iye tí wọ́n máa gbé e lulẹ̀ kí ẹ tó dá iye ilé.

Bí ọkọ rẹ bá sì ti ń sọ fún ará ilé pé ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́túnjí lẹ̀ ń lọ, kó rọra. Òótọ́ ni pé South Carolina ni Ọba Adéfúnmi tẹ ìlú àṣà Yorùbá yẹn dó sí ní 1970, ṣùgbọ́n lápá òkun ló wà, ní káúńtì Beaufort, ìrìn wákàtí mẹ́ta ààbọ̀ sí mẹ́rin. Ti oúnjẹ wa, tí ẹ bá fẹ́ lọ rà á níbi tó ti pọ̀, Charlotte tó máìlì 100, Atlanta tó 145. Ẹ ra kúlà ńlá.

Tí ẹ bá ń bọ̀ wá wò ó, ẹ má wá ní òpin ọ̀sẹ̀. Ẹ wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù Kẹjọ, nígbà tí ooru bá mú. Ẹ jí láago márùn-ún ààbọ̀, ẹ wakọ̀ láti ilé tí ẹ fẹ́ rà lọ sí ọsibítù tó wà ní Grove Road, bí ìgbà tí o ń lọ síṣẹ́ aago méje. Láago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ẹ gba Woodruff Road, ibi tí ọkọ̀ máa ń dí pa, kọjá, kí ẹ wo bí ẹ ṣe máa rí sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, tí ọkọ rẹ kò bá tíì ní kí ẹ padà sí Maryland, ẹ wá lọ sí orí afárá.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ