Lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n mi tó ṣe olorì

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ọdún kan pé lónìí tí a sin yín, mo sì ṣí àpótí yín láàárọ̀ kí n lè pín aṣọ fún àwọn ọmọ. Lábẹ́ sányán tí ẹ wọ̀ wọ ààfin ni mo ti rí ìwé ìtàn tí ẹ fi ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé kí Kábíyèsí tó ní ẹ̀yin lòun fẹ́. Ojú ewé kan ṣoṣo lẹ ṣẹ́ létí nínú rẹ̀, èyí tó sọ ti Mary àti Anne Boleyn, ọmọ ìyá méjì tí Ọba Henry Kẹjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mú lọ́kọ̀ọ̀kan. Mary ló kọ́kọ́ fi ṣe àlè, Anne ló fi jẹ ayaba. Nígbà tí Mary wá fẹ́ ọmọ ogun kan tí kò lówó lọ́wọ́ ní 1534, wọ́n lé e kúrò láàfin tòun ti oyún, títí tó fi di ẹni tó ń kọ̀wé sí Thomas Cromwell, akọ̀wé ọba, pé kó bá òun bẹ̀bẹ̀. Ṣé èmi lẹ rántí tí ẹ fi ṣẹ́ ewé náà létí?

Èmi náà fẹ́ télọ̀ tí ẹ ní kò yẹ àna ọba. Ẹ rántí ọjọ́ tí mo gbé ìkọ́kọrẹ́ wá. Mo rin ewùrà títí ọwọ́ fi ń yún mi, mo fi aṣọ we abọ́ náà láti Ìjẹ̀bú-Òde, mo sì gbé e lé itan nínú ọkọ̀ méjì kí n tó dé ẹnu ọ̀nà yín ní Rẹ́mọ. Ìránṣẹ́ ní olorì ń sùn. Mo ń gbọ́ ẹ̀rín láti ẹ̀yìn ògiri, mo sì dúró síbẹ̀ títí epo fi dì lójú abọ́.

Ní 19 oṣù Karùn-ún 1536 ni wọ́n bẹ́ Anne lórí, nígbà tó sì máa di 30 oṣù náà, Henry ti gbé Jane Seymour níyàwó. Wọn kò bẹ́ ẹ̀yin lórí, ṣùgbọ́n nígbà tí Kábíyèsí wàjà, àwọn tó ń kúnlẹ̀ kí yín ló ń ka ìkòkò yín síta, torí pé ẹ kò bí ọmọkùnrin. Ẹ kò ránṣẹ́ sí mi. Èmi náà kò wá, nítorí abọ́ ìkọ́kọrẹ́ yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Bàbá àwọn ọmọ mi kú ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Àwọn ẹbí rẹ̀ ti wá béèrè ìwé ilé lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní opó kì í jogún ọkọ. N kò fẹ́ ọba, ẹ̀gbọ́n mi, síbẹ̀ wọ́n ti ń wo ìkòkò mi. Èyí tó dùn mí jù ni pé àwọn ọmọbìnrin mi méjèèjì kò bára wọn sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ ìsìnkú, ìdí tí wọ́n sì fún mi kò tó ohun tí ọmọ ìyá ń torí rẹ̀ yan ara wọn lódì. Mo ti pe àwọn méjèèjì fún alẹ́ òní. Ewùrà wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ rin.

Láti àárọ̀ tí mo ti rí ewé yẹn, ó ń ṣe mí bíi pé ẹ̀rín ẹlòmíràn ni mo gbọ́. Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ̀yin lẹ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà?

Èmi àbúrò yín.