Iyán Tí Wọ́n Torí Rẹ̀ Bú Wa

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Okun o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá ìròyìn.

Lẹ́tà kan tó jáde nínú ìwé ìròyìn yín lọ́sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn ló mú mi kọ èyí. Ẹni tó kọ ọ́ ní Kàbà lòun ń gbé, ó sì ní gbogbo ẹgbẹ́ aṣèrànwọ́ tó wà nílẹ̀ àwa Yorùbá Okun ní Ìpínlẹ̀ Kogí, láti Kàbà títí dé Ẹ̀gbẹ̀, ẹgbẹ́ jẹun-kí-n-jẹun ni wọ́n: wọ́n á dá aṣọ, wọ́n á gúnyán, wọ́n á ya fọ́tò pẹ̀lú àpò ìrẹsì méjì, ó tán. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà náà, ó sì dùn mí, nítorí èmi ni akápò irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kan ní Ìsánlú. Ìparí oṣù kẹfà ni ọdún ẹgbẹ́ wa parí. Ìwé owó rẹ̀ wà níwájú mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Mo gbà fún un pé à ń jẹun. Sátidé kejì àti Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù la máa ń pàdé, ilé dé ilé la ń gbé e kiri, onílé ló sì ń fi owó ara rẹ̀ se oúnjẹ. Kọ́bọ̀ kò tí ì jáde nínú àpò ẹgbẹ́ rí nítorí ọbẹ̀. Alẹ́ la máa ń ṣe ìpàdé tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ àwọn ajínigbé ti sọ ojú ọ̀nà wa di ohun ẹ̀rù, a gbé e wá sí aago méjì ọ̀sán, kí àwọn tó ń ti Mọ̀pà àti Odò-Ẹrẹ̀ wá lè délé kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwa 17 ni orúkọ wa wà nínú ìwé. Iyán ni oúnjẹ, ẹni tó bá sì mọ ilẹ̀ Okun kò ní béèrè ìdí.

Ibi tí èmi àti ẹni náà ti yapa ni pé ó ka iyán yẹn sí ẹ̀ṣẹ̀ wa. Bí ó bá ti bá wa jókòó lọ́dún yìí, á ti rí i pé ìdí iyán gan-an ni iṣẹ́ tó tóbi jù tí a ṣe ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ rántí bí àwọn bàbá wa ṣe ń roko. Nínú àáró, ẹ̀yin mẹ́rin tàbí márùn-ún ẹ ó máa ro oko ara yín ní ìkọ̀ọ̀kan, ẹni tí wọ́n bá ro tiẹ̀ lónìí mọ̀ pé òun jẹ ọjọ́. Ọ̀wẹ̀ ní tiẹ̀, ẹni tó fẹ́ kọ́lé tàbí tó fẹ́ kọ ebè fún àna rẹ̀ ló ń ránṣẹ́ pe àwọn èèyàn. Wọn kò ní kà á sí i lọ́rùn pé kó wá san án padà, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ gúnyán, kó sì wá ẹmu. Ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ tó fi ebi lé àwọn èèyàn lọ, tó bá tún bẹ òmíràn lọ́dún tó ń bọ̀, òun àti ìyàwó rẹ̀ ni yóò bá lóko. N kò gbọ́ ọ rí kí ẹnikẹ́ni pe àwọn tó bá a kọ ebè ní jẹun-kí-n-jẹun.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí níbi tí àwa ti wo àwòkọ́ṣe. Ẹgbẹ́ wa kì í ṣe Rotary, a kò sì sí lábẹ́ Lions, àwọn ẹgbẹ́ aṣèrànwọ́ àgbáyé, ṣùgbọ́n olùkọ́ kan tó ti ṣe Rotary ní Ìlọrin kó tó fẹ̀yìn tì wálé ló kọ́ wa bí a ṣe ń darí ìpàdé, òun ló sì sọ ìtàn yìí fún wa. Ní ọjọ́ 23 oṣù kejì ọdún 1905, lọ́yà kan tó ń jẹ́ Paul Harris pàdé àwọn mẹ́ta mìíràn ní Chicago: oníṣòwò èédú kan, ẹnjiníà ìwakùsà kan, àti télọ̀ kan. Ìlú kékeré ni wọ́n ti tọ́ Harris dàgbà. Nígbà tó dé ìlú ńlá, èrò pọ̀ lọ́tùn-ún lósì, ṣùgbọ́n kò rí ẹni bá rìn, ìyẹn ló sì mú un dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ń gbé ìpàdé láti ọ́fíìsì ẹnì kan lọ sí ti ẹlòmíràn, níbẹ̀ ni orúkọ Rotary, tó túmọ̀ sí ohun tó ń yí kiri, ti wá. Ó di ọdún 1907 kí wọ́n tó gbé iṣẹ́ ìlú àkọ́kọ́ wọn dìde, ìyẹn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí gbogbo èèyàn lè lò láàrin ìlú. Ọdún méjì ni wọ́n fi jókòó ti ara wọn kí wọ́n tó rí iṣẹ́ yẹn. Ẹgbẹ́ kan náà ló kọjú ìjà sí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ní 1985, wọn kò sì fi í sílẹ̀ títí di ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2020 tí wọ́n kéde pé oríṣi àbáláyé kòkòrò àrùn náà kò sí nílẹ̀ Áfíríkà mọ́. Ọdún márùndínlógójì rèé. Ta ló lè bá àwọn tí kò mọ ara wọn ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọdún tó tó yẹn?

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti pọ́ńpù, nítorí òun ló gba ọdún wa.

Abúlé kan wà lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Mọ̀pà tí pọ́ńpù wọn ti dákẹ́ láti ọdún mẹ́ta. Àpáta ló wà lábẹ́ ilẹ̀ wa níhìn-ín, inú sísán àpáta ni omi ń sá pamọ́ sí, nítorí náà kànga tí a fọwọ́ gbẹ́ kì í pẹ́ gbẹ tí ọyẹ́ bá ti dé. Àwọn obìnrin abúlé náà ti padà sí odò. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹgbẹ́ wa, nínú oṣù keje, a pinnu pé a ó gbẹ́ kànga ẹ̀rọ tuntun fún wọn, a sì lọ béèrè iye tó máa ná wa. Owó tí wọ́n pè ju ohun tí a lè kó jọ lọ́dún mẹ́ta lọ. Fún oṣù méjì gbáko, ọ̀rọ̀ náà kàn wà nínú ìwé ìpàdé ni, a kò rí ojú ọ̀nà.

Nínú oṣù kẹsàn-án, ilé púlọ́mbà tó wà láàrin wa ni ìpàdé bọ́ sí. Ọkùnrin yìí kì í sọ̀rọ̀ ní ìpàdé. Ìwé mẹ́fà ló kà, àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì ló sì pọ̀ jù nínú wa. Ojú máa ń tì í láti dìde. A ti parí ìpàdé, a ti jẹun tán, ó ń bu omi ìfọwọ́ fún wa ló wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, “Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú o. Ṣé ẹnì kan ti tú èyí tó kú yẹn wò? Ó lè jẹ́ awọ rẹ̀ ló jẹ.” Mo mọ̀ dájú pé kì bá tí sọ gbólóhùn yẹn lórí ìdúró, níwájú alága àti akọ̀wé. Omi ìfọwọ́ ló fún un láyè.

Pọ́ńpù tí wọ́n ń pè ní India Mark II ni, irú rẹ̀ wọ́pọ̀ ní àwọn abúlé. Tí ẹ bá tẹ ọwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ṣéènì tó wà nínú orí rẹ̀ á fa irin gígùn kan sókè, irin náà á sì fa písítìnì tó wà nísàlẹ̀ kànga. Wáṣà tó rí bí ife ló yí písítìnì yẹn ká, awọ ni wọ́n fi ṣe ti èyí, òun ló ń gbé omi. Tí awọ bá ti jẹ, ẹ ó tẹ ọwọ́ títí apá yín á fi ro, omi kò ní í jáde. Owó awọ náà kò sún mọ́ owó àpò ìrẹsì kan.

Sátidé kan nínú oṣù kẹwàá, àwa 11 lọ. Irin ni páìpù rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó mítà mẹ́ta, wọ́n so wọ́n mọ́ra wọn lọ sísàlẹ̀, omi sì kún inú wọn. Wọ́n wúwo ju bí mo ṣe rò lọ. Àwọn ọ̀dọ́ abúlé dì í mú, púlọ́mbà ń tú u lọ́kọ̀ọ̀kan, àwa obìnrin ń tẹ́ wọn sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kí iyanrìn má bàa wọ inú wọn. Nígbà tí awọ náà jáde, ó ti fẹ́lẹ́ bí ewé gbígbẹ. Ìpẹtà ti dá méjì nínú páìpù náà lu. A pààrọ̀ wọn, a tò ó padà, ó sì di ìrọ̀lẹ́ kí omi tó dé òkè.

Ìyá àgbà kan wá síbẹ̀, ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó fi ojúgun rẹ̀ hàn wá. Àpá sọ̀bìà ni, àrùn aràn inú omi. Ó ní ọdún tí ó dá òun dùbúlẹ̀, ìyá òun ló ń gbé òun pọ̀n lọ sí ẹ̀yìnkùlé, bí òun ṣe dàgbà tó yẹn. Àwọn ọmọ wa kò mọ sọ̀bìà mọ́. Ọdún 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé ó ti kúrò ní Nàìjíríà. Inú omi adágún tí àwọn èèyàn ń bù mu ni aràn yẹn ti ń wọ ara wọn. Mo ti ń gbọ́ ọ láti kékeré pé ká tètè ké pe Olúgànbe kí sọ̀bìà tó degbò. Ọjọ́ yẹn ni mo tó fojú rí àpá egbò tí wọ́n ń wí.

A kọ́ obìnrin méjì ní abúlé náà bí wọ́n ṣe ń ṣí orí rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń fi gírísì sí ṣéènì, a sì fi sípánà kan sọ́dọ̀ wọn. Agboolé kọ̀ọ̀kan ń dá ₦100 lọ́sẹ̀ nítorí awọ tí wọ́n máa rà tí èyí bá tún jẹ. Oṣù mẹ́sàn-án rèé, omi ń jáde. A tún ṣe mẹ́ta mìíràn lẹ́yìn rẹ̀; ọ̀kan kò gbọ́, nítorí omi abẹ́ rẹ̀ gan-an ló ti lọ.

Ní ti owó, mo ní ohun tí mo fẹ́ sọ. Ọdún tó ṣáájú èyí, ẹnì kan dìde níbi ìkówójọ wa, ó fi makirofóònù ṣèlérí owó ńlá, a pàtẹ́wọ́ fún un, a sì lọ gba ọjà àwìn lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Owó náà kò wá. Èmi akápò ni mo ń lọ bẹ ọlọ́jà láràárọ̀. Nítorí náà, lọ́dún yìí, mo ní n kò gba ìlérí mọ́: ohun tó bá dé orí tábìlì nìkan la ó kọ sílẹ̀. Ọjọ́ Ajé Àjíǹde la ṣe é, nígbà tí àwọn ọmọ ti Èkó àti Àbújá dé. Àwọn tí kò ní owó gbé iṣu wá, wọ́n gbé epo pupa, wọ́n gbé gàrí, a sì lu gbogbo rẹ̀ ní gbàǹjo. Ọ̀kan nínú wa tó ṣì ń hun aṣọ lórí òfì àwọn obìnrin, èyí tí a ń gbé ti ògiri, mú aṣọ kan wá tó ti ń hun láti ìgbà Kérésì. Àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́rin jọ dá owó rà á, wọ́n dá a padà sí i lọ́rùn. Owó tí aṣọ yẹn mú wá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì gbogbo ohun tí a rí lọ́jọ́ náà, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú omi lójú.

Ti ìrẹsì tó wí, òótọ́ ni. A pín in ní Kérésì. Èmi fúnra mi ti sọ ní ìpàdé pé kí a jáwọ́ nínú rẹ̀: ọjọ́ mẹ́ta ló ń tán, ó sì ń kó ìtìjú bá àwọn àgbàlagbà tí a ní kí wọ́n tò sójú oòrùn. A tún gbin káṣú sí ẹ̀gbẹ́ ilé ẹ̀kọ́ kan, a kò ṣọgbà yí i ká, ewúrẹ́ sì jẹ ẹ́ tán. Ẹ̀bi wa ni.

Ó tún ku ohun kan. Nínú oṣù kejì, ọkọ mi dùbúlẹ̀, a lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní ilé ìwòsàn ní Ẹ̀gbẹ̀. N kò bẹ ẹnikẹ́ni. Àwọn ẹgbẹ́ mi pín ọjọ́ láàrin ara wọn, kò sí alẹ́ tí n kò rí ẹni bá mi jókòó. Ìyàwó púlọ́mbà yẹn ló ń gbé oúnjẹ wá. “Iye, ẹ jẹ díẹ̀,” ló máa ń sọ (ìyá là ń pè ní iye níhìn-ín), kò sì ní í kúrò títí màá fi jẹ ẹ́. Ọkọ mi ti ń rìn báyìí. Kò sí ojú ewé fún èyí nínú ìwé owó tó wà níwájú mi, ṣùgbọ́n ara iṣẹ́ ọdún wa ni.

Mo ní ẹ̀bẹ̀ kan sí yín, Olóòtú. Tí ẹgbẹ́ kan bá pè yín sí ayẹyẹ ìṣíṣọ lójú kànga, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, kí ẹ sì rán akọ̀ròyìn padà síbẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan láti tẹ ọwọ́ pọ́ńpù náà wò. Ohun tó bá rí nígbà náà ni kí ẹ gbé jáde. Sí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kà á: ẹni tó kéré jù nínú wa ti pé àádọ́ta ọdún, páìpù yẹn sì wúwo.

Ilé mi ni ìpàdé tó ń bọ̀ yìí bọ́ sí, ní Sátidé kejì oṣù kẹjọ, aago méjì ọ̀sán. Mo fẹ́ kí ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn wá. Mo ti ra iṣu sílẹ̀. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, a ó lọ yẹ pọ́ńpù abúlé náà wò. Tó bá fẹ́ bá wa lọ, kó mú bàtà tó lè wọ ẹrẹ̀ dání.

Èmi ni tiyín,
Akápò ẹgbẹ́ aṣèrànwọ́ kan,
Ìsánlú, Ìpínlẹ̀ Kogí.