Àdùkẹ́, òtútù ti dé, àwọn adìẹ mi ni mò ń rò

Àdùkẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà, ṣé àwọn ọmọ ń ṣe dáadáa? Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ̀wé sí ẹ, iṣẹ́ ni ò jẹ́. Láàárọ̀ yìí ni mo yọjú sẹ́yìnkùlé tí mo rí i pé gbogbo koríko ti funfun, àyà mi já, mo ní ó ti dé nìyẹn.

Mi ò tíì gbàgbé àkùkọ èṣí yẹn o. Èmi ni mo fi nylon dí gbogbo ojú ihò ilé wọn pa, mo rò pé mò ń ṣe wọ́n lóore, àṣé èémí wọn àti ìgbẹ́ wọn ń sọ inú ibẹ̀ di omi, tí mo bá ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ òrùlé á máa kán tó, tó. Ọ̀rinrin yẹn ló dì mọ́ ogbe ẹ̀ lórí títí ṣóńṣó ẹ̀ fi dúdú bí èédú, ojú egbò yẹn ni àìsàn gbà wọlé. Ó ṣì ń dùn mí.

Bàbá tó múlé gbè wá ní Minneapolis ní Amẹ́ríkà níbí ló là mí lóye. Wọ́n ní òtútù gbígbẹ ò pa adìẹ bí ọ̀rinrin. Ni mo bá lu ihò sókè lábẹ́ òrùlé, kí atẹ́gùn máa gba òkè orí wọn kọjá, mo fi wáyà onójú wẹ́wẹ́ bò ó nítorí raccoon, ẹranko ìgbẹ́ tó máa ń jí adìẹ gbé lóru. Èérún pákó tí mo dà sílẹ̀ dé ojúgun mi. Mo yọ igi róbótó tí wọ́n ń sùn lé, mo fi pákó pẹrẹsẹ rọ́pò ẹ̀, kí wọ́n lè jókòó lé ẹsẹ̀ wọn. Lálẹ́ àná mo tan tọ́ọ̀ṣì wò wọ́n, àwọn márààrún fún mọ́ra, wọ́n jókòó lé ẹsẹ̀ wọn, ìyẹ́ àyà bò ó mọ́lẹ̀, mi ò rí ọmọ ìka kan. Inú mi dùn!

Mo mọ̀ pé wàá ní kí n so bóòbù iná sínú ilé wọn bí ẹ ṣe ń ṣe fún òròmọdìẹ. Rárá o, bóòbù gbígbóná lórí èérún pákó, iná ńlá nìyẹn, adìẹ tó ti gbó tó níyẹ̀ẹ́ lára ò sì nílò ẹ̀. Omi wọn nìkan ni mo wá nǹkan oníná sí nídìí kó má baà dì.

Pupa, ọ̀kan nínú àwọn adìẹ náà, ló ń bà mí lẹ́rù. Ó ń re ìyẹ́ lọ́wọ́, ẹ̀yìn ẹ̀ ṣì wà ní ìhòòhò, tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ṣóńṣó ṣóńṣó bí ẹ̀gún. Mo máa ń jí lóru rò ó.

Tọ́pẹ́ ti wọ yunifásítì, bàbá ẹ̀ ti padà sẹ́nu iṣẹ́ alẹ́, ẹyin ò sí láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Àdùkẹ́, jọ̀ọ́, bá mi yà sọ́dọ̀ Màámi ní Òkè-Àdó. Wọ́n ń wúkọ́ lórí fóònù, wọ́n ní eruku ni. O sì mọ̀ wọ́n, tí ọyẹ́ bá ti dé wọ́n á ti fèrèsé yàrá kékeré yẹn pa, wọ́n á gbé sítóòfù kẹrosíìnì wọlé, wọ́n á ní àwọn ń yáná. Mi ò lè sọ ọ́ kí wọ́n gbọ́, tìẹ ni wọ́n máa ń gbọ́. Má sọ pé èmi ni mo rán ẹ. Bó o bá ṣe wọlé báyìí, ṣáà kọ́kọ́ ṣí fèrèsé yẹn, kó o tó jókòó.

Bọ́lá tìẹ